Ọ̀sán Ọjọ́ Ìṣẹ́gun Tí Mo Jáde Láìsọ fún Ọ

Nílé wa,
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Àbígbẹ̀yìn mi ọ̀wọ́n,

Kí àlàáfíà tí kì í ti ọwọ́ ènìyàn wá kí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà rẹ nígbà tí o bá ń jáde, kí ó sì ti ṣáájú rẹ délé nígbà tí o bá ń padà bọ̀. Bí ìwé yìí bá bá ọ ní ìdúró, jọ̀wọ́, fi ìdí lé àga. Bí ó bá sì bá ọ níbi iṣẹ́, fi í sínú àpò títí o fi máa délé, nítorí pé ó gùn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í sì í ṣe irú èyí tí a ń fi ojú kan kà kí a máa fi ojú kejì ṣọ́ ọ̀gá.

Èmi àti ìyá rẹ wà láàyè, ara wa sì le níwọ̀n bí ọjọ́ orí bá ti fún wa láyè. Orúnkún ìyá rẹ ṣì máa ń bá a ṣe àríyànjiyàn ní òwúrọ̀, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti yọ tán, wọn a parí ọ̀rọ̀ náà láàárín ara wọn. Káfíńtà tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa ti tún òrùlé ilé ìdáná ṣe. Ó ní òun kò ní gba ohunkóhun lọ́wọ́ mi, nítorí pé ó ti di ọdún méjìdínlógójì tí mo ti ń lu agogo ìjọ fún òun láìgba nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni ó fi jẹun nílé wa, ìyá rẹ sì sọ pé ẹni tí ó ní òun kò fi ọwọ́ gba nǹkan, ó ti fi eyín gbà á.

Fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn tí o ní kí n kún fún èmi àti ìyá rẹ, mo ti kún un. Ewúrẹ́ jẹ igun kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ ibi tí a kọ nǹkan sí. Níbi tí wọ́n ti béèrè orúkọ ẹni tí wọ́n lè ké sí bí ìṣòro òjijì bá dé, mo kọ orúkọ Olúwa, nítorí pé n kò mọ ẹlòmíràn tí ó máa ń yára dáhùn. Wọ́n tún béèrè àdírẹ́sì rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé níbi gbogbo. Ìyá rẹ gbọ́ ọ, ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí n fi orúkọ káfíńtà sí abẹ́ rẹ̀, nítorí pé káfíńtà ní àkàbà. Níbi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́ mi, alágogo ni mo kọ. Níbi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́ tirẹ̀, ó ní kí n kọ ọ́ pé òun ni òun ń sọ fún alágogo pé àkókò ti tó.

Nísinsin yìí, jẹ́ kí n bọ́ sójú ọ̀rọ̀. Ọmọ mi, ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún ọ. Nígbà tí mo wá wo yàrá tí o ti kùn sílẹ̀ fún wa, o fi mí sílẹ̀ ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, o ní kí n jókòó, kí n máa wo tẹlifíṣọ̀n, oúnjẹ wà nínú fíríìjì. Ní ìrọ̀lẹ́ o béèrè bí ọjọ́ náà ti rí, mo sì dá ọ lóhùn pé ọjọ́ náà dára. Irọ́ kọ́ ni mo pa. Ṣùgbọ́n òtítọ́ tí a gé sí méjì tí a sì fi ọ̀kan pamọ́, àbúrò irọ́ ni, ọkàn mi kò sì fún mi nísinmi láti ìgbà náà. Mo jáde. Mo rin ìlú yín láti aago mọ́kànlá títí di aago mẹ́ta, mo sì jẹun ọ̀sán níta.

Kì í ṣe ìrìn afẹ́ lásán ni mo rìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo gbádùn rẹ̀. Ìyá rẹ ni ó rán mi. O mọ̀ pé láti ìgbà tí o ti ní kí á kó wá máa bá ọ gbé, ìyá rẹ kò sọ pé òun ń bọ̀, kò sì sọ pé òun kò wá. Ní òwúrọ̀ tí mo fẹ́ wọ ọkọ̀ tọ̀ ọ́ wá, ó jókòó níwájú ilé ìdáná lórí àpótí rẹ̀, àpótí kékeré aláìlẹ́yìn tí ó ti ń jókòó lé láti ìgbà ọmọge, ó so owó díẹ̀ mọ́ igun áńkáṣíìfù mi, ó sì fi ìbéèrè kan ṣoṣo rán mi. Ó ní yàrá kì í ṣe ìṣòro, ibùsùn kì í ṣe ìṣòro. Ó ní ìwọ a máa jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere, o a sì máa wọlé nígbà tí wọ́n bá ti tan iná. A ó máa rí ọ láàárọ̀, a ó máa rí ọ lálẹ́. Ó wá wò mí lójú, ó ní, "Ọ̀sán ńkọ́? Lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú wa bá ṣáájú, ta ni yóò máa bá èkejì jẹun ọ̀sán?"

Ó ní kí n lọ wò ó bóyá arúgbó lè jáde láti ẹnu ọ̀nà rẹ ní ọ̀sán gangan kí ó sì rí ẹni bá jẹun. Bí mo bá rí i, òun yóò di ẹrù. Bí n kò bá rí i, kí n má wulẹ̀ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Ìwọ tí a bí sí ẹ̀gbẹ́ agogo kò ní ka ìbéèrè yìí sí kékeré. O mọ̀ pé níhìn-ín, bí mo bá ti fa okùn ní aago méjìlá, olúkúlùkù a dúró níbi tí ó bá wà, a ó gba àdúrà kúkurú, a ó sì jókòó jẹun. Ẹni tí kò bá ní ẹni tí yóò bá a jẹ ẹ́ a gbé àwo rẹ̀ lọ sí ilé kejì. Kò sí ẹni tí ń dá jẹun ọ̀sán ní ìlú wa àfi ẹni tí ó bá ń bá gbogbo ayé jà, ìjà náà ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì ń bá jẹun.

Mo wọ bàtà, mo dé fìlà, mo sì fi fóònù tí o fi sílẹ̀ fún mi sínú àpò. Obìnrin tí ń júwe ọ̀nà fún ènìyàn wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí o ti fi hàn mí, o sì ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, ibi iṣẹ́ rẹ ni kí ó mú mi wá. Yàrá irin tí ń gbé ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ ni mo kọ́kọ́ bọ́ sí. Ènìyàn mẹ́jọ ni a wà níbẹ̀. Mo kí wọn, wọn kò dáhùn. Gbogbo wa kọjú sí ilẹ̀kùn bí ìjọ tí ń retí ìyàwó. Nígbà tí ilẹ̀kùn náà ṣí tí ìyàwó kò sì wọlé, olúkúlùkù bá tirẹ̀ lọ.

Lójú ọ̀nà, obìnrin inú fóònù ní kí n yà sí ọ̀tún. Mo yà sí òsì nítorí pé ibòòji wà níbẹ̀. Kò bínú. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì wá ọ̀nà mìíràn fún mi láti ibi tí àìgbọ́ràn mi gbé mi dé. Ìgbà márùn-ún ni mo ṣẹ̀ ẹ́, ìgbà márùn-ún ni ó tún ọ̀nà ṣe fún mi láìgbé ohùn sókè. Ọmọ mi, irú sùúrù yìí ṣọ̀wọ́n lórí ilẹ̀. Jọ̀wọ́, bá mi wádìí ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ó yẹ kí a kí àwọn òbí rẹ̀. Mo sọ èyí fún ìyá rẹ nígbà tí mo délé, ó sì béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni mo ní lọ́kàn.

Mo rìn jẹ́jẹ́, nítorí pé kò sí ibi tí mo ń sá lọ. Mo wo ọkùnrin kan tí ń rán bàtà nínú ilé kan tí kò fẹ̀ ju àpótí aṣọ lọ, síbẹ̀ rẹ́díò méjì ni ó ń kọrin fún un níbẹ̀. Mo wo obìnrin kan tí ń fọ dígí ilé ńlá, ó rọ̀ láti òkè lórí okùn, ó ń jẹ àkàrà òyìnbó ní ọwọ́ kan. Mo dé iwájú ilé kan tí gbogbo ògiri rẹ̀ jẹ́ dígí, àwọn ọ̀dọ́ ọkùnrin àti obìnrin wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń sáré lórí ohun kan tí kò gbé wọn dé ibì kankan. Òógùn bò wọ́n. Kò sí ẹni tí ń lé wọn, kò sì sí ohun tí wọ́n ń lé. Mo rò pé ìjìyà ni, nítorí pé ọkùnrin kan tí apá rẹ̀ ki pọ́pọ́ dúró tì wọ́n, ó ń ka ìṣẹ́jú lé wọn lórí. Mo ṣí fìlà, mo sì bẹ̀bẹ̀ fún ìdásílẹ̀ wọn. Ó yani lẹ́nu pé bí mo ti ṣe àmín ni ọ̀kan nínú wọn bọ́ sílẹ̀, ó nu ojú, ó sì gba ilẹ̀kùn jáde lọ́fẹ̀ẹ́. N kò gba ògo ibẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni aago ọwọ́ mi fi ọ̀sán gangan hàn. Ibi tí ọ̀nà mẹ́rin ti pàdé ni mo wà, níbi tí wọ́n ti fi ọ̀dà funfun fa ìlà gbọọrọ gbọọrọ sí ojú títì, mo sì ti rin ìlà náà dé àárín. Mo fetí sílẹ̀ kí n gbọ́ agogo. N kò gbọ́ nǹkan kan. Ọkàn mi bàjẹ́, mo ní, ìlú tí ó tóbi tó báyìí, kò sí ẹni tí yóò fa okùn fún wọn? Ṣùgbọ́n bí mo ti ṣí fìlà báyìí ni mo rí òpó kan tí ó ní ojú mẹ́ta, iná pupa sì wà ní ojú òkè rẹ̀. Ọmọ mi, gbogbo ọkọ̀ dúró. Ńlá dúró, kékeré dúró. Ọkọ̀ elérò dúró, alùpùpù dúró, ọkọ̀ tí ó gbé iyẹ̀pẹ̀ náà dúró. Wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ níwájú mi bí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní àpèjọ òwúrọ̀. Omi bọ́ lójú mi. Mo wá mọ̀ pé ìlú yín ní agogo, ojú ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ.

Mo di ojú, mo gba àdúrà ọ̀sán pátá, kò ṣẹ́ku gbólóhùn kan, mo sì fi ti àwọn awakọ̀ kún un. Nígbà tí mo ń parí lọ, iná pupa ti kúrò, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe àmín pẹ̀lú fèrè. Awakọ̀ kan na apá jáde láti ojú fèrèsé, ó ń ké tọkàntọkàn, ojú rẹ̀ sì kọ sí mi gangan. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yékéyéké nítorí ariwo, ṣùgbọ́n mo rí ìtara rẹ̀, mo sì ṣe àmín sí i. Mo dúró lẹ́bàá títì fún ìgbà díẹ̀ sí i, mo sì rí i pé léraléra ni wọ́n ń dúró bẹ́ẹ̀. Àdúrà wọn kúrú ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbà á nígbà púpọ̀. Ojú tì mí fún gbogbo ohun tí a ti ń sọ nípa àwọn ará ìlú ńlá.

Ilé oúnjẹ kan wà ní ìdojúkọ òpó náà, ibẹ̀ ni mo wọ̀. Wọ́n ya àwòrán oúnjẹ sí òkè ògiri. Mo na ìka sí ìrẹsì àti ẹja. Ọmọbìnrin tí ń gba owó ní ṣé mo ní káàdì; mo mú èyí tí o fún mi jáde. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan síwájú mi, ó ní kí n tẹ nọ́ńbà àṣírí mi. Mo sọ fún un pé ìwọ ọmọ mi ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ sọ nọ́ńbà náà fún ẹnikẹ́ni. Ó ní kì í ṣe òun ni n ó sọ ọ́ fún, ẹ̀rọ ni. Mo ní ẹ̀rọ tí n kò mọ̀ rí, tí n kò mọ ilé rẹ̀, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé níwájú ènìyàn mẹ́tàlá tí wọ́n tò sẹ́yìn mi? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé orí lé tábìlì. Mo tú igun áńkáṣíìfù mi, mo sì fi owó ìyá rẹ san án. Àṣírí rẹ kò tú, fi ọkàn balẹ̀.

Ó wá fún mi ní ohun pẹlẹbẹ kan, ó ní kí n mú un dání lọ jókòó. Mo mú tábìlì oníjòókòó mẹ́rin lẹ́bàá fèrèsé, mo sì gbé e síwájú mi. Kò pẹ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, iná ń ṣẹ́jú lójú rẹ̀, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Mo fi ọwọ́ bò ó, kò simi. Mo gbé e padà lọ bá ọmọbìnrin náà kíákíá, mo ní, kí ó jọ̀wọ́ wá ìtọ́jú fún un, èmi kọ́ ni mo ṣe é. Oúnjẹ mi ni ó fi dá mi lóhùn. Mo ṣàkíyèsí pé bí wọ́n ti gba ohun náà lọ́wọ́ mi ni ìgbọ̀nrìrì náà dáwọ́ dúró, nítorí náà, bóyá èmi ni ó ń bẹ̀rù.

Nísinsin yìí ni mo dé ibi ìbéèrè ìyá rẹ. Àga mẹ́rin ni ó wà ní ìdí tábìlì mi, mo jókòó sí ọ̀kan. Ilé náà kún. Ọkùnrin kan wá, ó tẹríba díẹ̀, ó béèrè bóyá ẹnìkan ni ó ni àga tí ó wà níwájú mi. Ayọ̀ kún inú mi. Mo ní kò sí ẹni tí ó ni ín, kí ó máa bọ̀, ọmọ mi. Ó dúpẹ́, ó sì gbé àga náà lọ. Obìnrin kan wá, ó béèrè èkejì, mo ní kí ó jọ̀wọ́ jókòó. Ó dúpẹ́, ó gbé e lọ. Ẹni kẹta kò tilẹ̀ béèrè, ìka ni ó nà sí i. Ó wá ku èmi àti tábìlì, àti àwo méjì tí mo ti gbà lọ́wọ́ wọn nítorí pé mo rò pé àlejò yóò bá mi pín in.

Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi yíká. Ó tó ogójì ènìyàn tí ń jẹun, olúkúlùkù tẹ́ fóònù rẹ̀ síwájú àwo, ó ń wò ó bí ẹni pé inú rẹ̀ ni oúnjẹ ti ń jáde. Mo dúró de àgbà tí yóò bùkún oúnjẹ náà. Kò sí ẹni tí ó dìde. Mo fara balẹ̀ wo orí gbogbo wọn, mo sì rí i pé èmi ni mo ní ewú púpọ̀ jù. Iṣẹ́ náà já lé mi léjìká. Mo dìde, mo ṣí fìlà, mo sì gbé ohùn sókè, ìwọ náà mọ ohùn ẹni tí ó ti ń fi ohùn bá agogo du ipò láti ọdún méjìdínlógójì. Mo dúpẹ́ nítorí ìrẹsì náà, nítorí ẹja, nítorí ọwọ́ tí ó sè é, mo sì tọrọ àforíjì fún gbogbo àwa tí a ti bẹ̀rẹ̀ kí á tó rántí. Gbogbo ilé gbé ojú kúrò lórí fóònù. Ọkùnrin kan yọ okùn kúrò létí, ó ń béèrè lọ́wọ́ ẹni kejì rẹ̀ bóyá iná ni ó sọ. Mo jókòó. Wọ́n padà sí ìdí fóònù wọn, ẹ̀rín díẹ̀ sì sọ ní igun kan.

Nígbà náà ni ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí. Obìnrin kan tí ó ti dàgbà díẹ̀ yọ jáde, ó dé fìlà funfun, ó di aṣọ ìdáná mọ́ra, ó fi ọwọ́ kan gbé àwo, ó fi èkejì wọ́ àpótí onígi tí wọ́n fi ń kó tòmátì. Ó dojú àpótí náà dé ní ìdojúkọ mi, ó sì jókòó lé e. Òun ni alásè wọn. Ó ní ó di ọdún kọkàndínlógún tí òun ti ń sè níbẹ̀, àwọn kan ti sọ pé iyọ̀ pọ̀, àwọn kan ti sọ pé iyọ̀ kò tó, ṣùgbọ́n òun kò tíì gbọ́ kí ẹnìkan dúpẹ́ nítorí ọwọ́ òun kí ó tó tọ́ ọ wò. Ó ní lẹ́bàá ìkòkò ni òun máa ń dúró jẹ tòun. A jọ jẹun, ọmọ mi. A jẹun bí ará ilé kan náà. Ó mú ẹja tó kù nínú àwo rẹ̀ sínú tèmi, mo mú un padà, ó tún mú un wá. Mo rí i pé ọmọ tí wọ́n kọ́ ni.

Mo rò lọ́kàn mi pé ìdáhùn ti dé ọwọ́ mi, mo sì ròyìn iṣẹ́ tí ìyá rẹ rán mi fún un. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Ó béèrè ibi tí ìwọ ń ṣiṣẹ́, mo sọ fún un. Ó fi ọwọ́ nu tábìlì bí ẹni tí ó ń nu ọ̀rọ̀ ìṣáájú kúrò, ó sì ní, "Bàbá, àgbàlagbà ní àyè láti wá ẹni bá jẹun. Ẹ lọ wo ọmọ yín ní àkókò yìí." Ó di ẹja kan sínú ìwé fún mi, ó ní kí n gbé e fún ọ.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ fún obìnrin inú fóònù pé ohunkóhun ti ṣẹlẹ̀ báyìí, kí ó mú mi lọ. Ní ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ rẹ, ọkùnrin ẹ̀ṣọ́ fún mi ní ìwé ńlá kan láti kọ nǹkan sí. Wọ́n béèrè ohun tí mo bá wá, mo kọ ọ́ pé, láti mọ̀ bóyá ó ti jẹun. Ó ní kí n fi káàdì kan tí wọ́n kọ "Àlejò" sí kọ́ ọrùn. Mo ní n kì í ṣe àlejò, bàbá rẹ ni mí. Ó ní níbẹ̀, ẹnikẹ́ni tí wọn kò bá ń san owó oṣù fún, àlejò ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó bí ọ̀gá. Mo kọ́ ọ. Ó mú mi gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ó dá mi dúró níbi ògiri dígí kan, ó sì na ọwọ́ sí ọ fún mi.

Ọmọ mi, mo rí ọ. Aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú ni. Ènìyàn bí ogún ni ẹ wà nínú yàrá náà, ogún oúnjẹ, kò sí tábìlì kan tí ẹni méjì jọ jókòó tì. Búrẹ́dì wà ní ọwọ́ òsì rẹ, ọ̀tún rẹ ń tẹ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni o gbé búrẹ́dì náà sílẹ̀ tí o sì gbàgbé rẹ̀. Mo ti gbé ọwọ́ sókè láti kan dígí náà, nígbà tí mo rí i pé o dáwọ́ dúró. O tẹ orí ba. Ètè rẹ ń mì. Dígí náà nípọn, n kò gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́ ọ ní àdúrà náà nígbà tí eyín iwájú rẹ kò tíì hù tán, mo mọ gbogbo ibi tí ẹnu ti ń ṣí níbẹ̀ àti ibi tí ó ti ń pa dé. Àdúrà ọ̀sán ni. O gbà á dé òpin, o sì dúró díẹ̀, bí a ti máa ń dúró nílé, kí àwọn tí ó kù lè dáhùn. Kò sí ẹni tí ó dáhùn. Ìwọ fúnra rẹ ni o ṣe àmín, o sì mú búrẹ́dì rẹ.

Èmi náà ṣe é, ní ẹ̀yìn dígí. Ọkùnrin ẹ̀ṣọ́ ṣe é pẹ̀lú mi, kò mọ ìdí rẹ̀.

N kò wọlé. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dá káàdì wọn padà, ọkùnrin náà sì ní kí n kọ àkókò tí mo jáde sínú ìwé. Mo kọ ọ́ pé, mo ń padà bọ̀. Ó ní aago ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Mo ní kí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, n ó wá tún un ṣe. Ẹja tí o rí lórí tábìlì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tí o béèrè ẹni tí ó mú un wá, tí mo sì ní Olúwa ni ó pèsè rẹ̀, ibi tí ó ti wá nìyẹn. Dárí jì mí.

Nígbà tí mo délé, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ. Ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ àga, ó rẹ́rìn-ín sí ẹ̀rọ tí ibà mú. Nígbà tí mo dé ibi dígí, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Ṣé ọmọ mi ni ó ń ṣe àmín fún ara rẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dìde, ó wọ yàrá, mo sì rò pé ó lọ sunkún, mo fún un láyè. Nígbà tí mo gbọ́ ariwo ni mo yọjú, mo bá a tí ó ń wọ́ àpótí aṣọ jáde láti abẹ́ ibùsùn. Láti ọjọ́ náà kò fi orúnkún rẹ̀ ṣe àwáwí mọ́.

Mo ti fa okùn agogo lé káfíńtà lọ́wọ́. Àlùfáà bùkún un, gbogbo ìjọ sì yọ̀. Ṣùgbọ́n lánàá, aago mẹ́wàá ààbọ̀ ni ó lu agogo ọ̀sán nítorí pé ebi ń pa á, gbogbo ìlú sì gbàdúrà, wọ́n sì jẹun. Nígbà tí mo bá a wí, ó ní kò sí ẹni tí ó ráhùn. Mo wádìí, òótọ́ ni.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, ti ènìyàn méjì àti ti àpótí ìjókòó kan, nítorí pé awakọ̀ ti búra pé òun yóò gba owó àpótí náà bí ẹni pé ó lẹ́nu tí yóò fi jẹun lójú ọ̀nà. Fi díẹ̀ lé e fún oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ kejì, ìyá rẹ yóò máa sè é wá láti ilé. Bẹ ọ̀gá rẹ pé kí ó yọ̀ǹda rẹ ní aago méjìlá. Bí ó bá ní kò ṣeé ṣe, fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé gbogbo ọkọ̀ ìlú yín ń dúró, kí ni ó dé tí ọ̀kan ṣoṣo kò fi lè dúró. Nígbà tí o bá rí iná pupa, máa bọ̀. Inú ilé oúnjẹ tí ó kọjú sí òpó náà ni a ó wà, lẹ́bàá fèrèsé, èmi àti alásè ọjọ́sí. Ìyá rẹ kò ní jókòó sórí àga wọn. Ó ní kí n sọ fún ọ pé orí àpótí òun ni òun yóò jókòó lé, orí àga tí ó kù ni òun yóò sì gbé ẹsẹ̀ lé títí o fi máa dé, kí òun wo ẹni tí yóò wá gbé e lọ.

Kí Ẹni tí ń bọ́ ẹyẹ láìsí tábìlì kí ó má jẹ́ kí tábìlì rẹ ṣófo. Kí oúnjẹ rẹ má tutù kí o tó rántí rẹ̀. Gbogbo ibi tí o bá ti tẹrí ba, kí ẹnìkan wà ní ìtòsí tí yóò dá ọ lóhùn.

Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Alágogo tẹ́lẹ̀ rí.